Báàgì Tó Ń Ge Èjìká
Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, mo fẹ́ gun Òkè Ìdànrè, ṣùgbọ́n báàgì àgbékọ́yìn mi máa ń ge mí léjìká. Ṣé ó tóbi jù ni?

Ìdáhùn: Gígùn ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi téèpù télọ̀ wọn ẹ̀yìn yín, láti eegun tó máa ń yọ síta nísàlẹ̀ ọrùn bí ẹ bá tẹrí ba, títí dé ibi tó ṣe déédéé pẹ̀lú orí eegun ìbàdí, kí ẹ sì fi ìwọ̀n náà yan báàgì. Bẹ́líìtì ìbàdí ni kí ẹ dì kí ẹ tó fa okùn èjìká, nítorí ìbàdí ló yẹ kó gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù. Fún àtẹ̀gùn Ìdànrè tó lé ní 600, báàgì lítà 20 ti tó. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹrù tí ẹ kò nílò ni ẹ ó fi kún un.