Èsì: Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ara wọn ní Robben Island

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní báwo ni Mandela àtàwọn ará Ẹ̀ka B, ibi tí wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú kan sí lọ́tọ̀ ní Robben Island, erékùṣù ẹ̀wọ̀n ní South Africa, ṣe ń bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù sọ̀rọ̀, nígbà tí wọ́dà ò jẹ́ kí wọ́n pàdé? Páálí ìṣáná ni ọ̀kan lára ọgbọ́n tí wọ́n ń dá.

Àwọn wọ́dà máa ń ju èyí tó ti ṣófo sílẹ̀ lọ́nà ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n á ṣà á, wọ́n á tẹ́ ìsàlẹ̀ kejì sí i, wọ́n á há ìwé tín-ín-rín sáàárín, wọ́n á wá jù ú síbi táwọn yòókù máa gbà kọjá. Ọjọ́ tí wọ́n bá jáde lọ síbi iṣẹ́ nìkan nìyẹn wúlò.

Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi ọ̀rá wé ìwé náà, wọ́n á sì fi í sísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù oúnjẹ.

Wọ́n tún ń fi wàrà kọ̀wé. Tó bá gbẹ, kò ní hàn mọ́, àfi tí wọ́n bá wọ́n oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ yàrá sí i. Àmọ́ wàrà ò wọ́pọ̀; ẹni tó ní ọgbẹ́ inú ló sábà máa ń rí i gbà.

Tíṣù ilé ìgbẹ́ ńkọ́? Wọ́n ń kọ̀wé sórí ìyẹn náà. Nígbà tí àṣírí tú, ègé 8 lójúmọ́ ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Govan Mbeki, ẹlẹ́wọ̀n bíi tiwọn, ló ń ka iye rẹ̀ fún wọn.

Ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀ á lọ sí àhámọ́ àdánìkanwà. Síbẹ̀, abẹ́ etí àwo ilé ìgbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n tún ń lẹ ìwé mọ́.