Ìbéèrè Yín Lórí Ọgbà: Ẹbí Èsìsì Tí Kì í Jóni

Ìbéèrè: Pilea cadierei mi, eléwé aláwọ̀ fàdákà yẹn, ti ga jù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti pá. Etí ewé tún ń gbẹ. Wọ́n ní ẹbí èsìsì ni. Ṣé kò ní jó mi lọ́wọ́ bí mo bá gé e?

Ìdáhùn: Ẹbí èsìsì ni lóòótọ́, àmọ́ kò ní irun tó ń jóni. Ẹ gé e kù sí ìdajì, lókè oríkèé tí ewé méjì ti kọjú síra. Ìdí ewé méjèèjì ni ọ̀mùnú tuntun yóò ti yọ. Ibi tó ti pá kì í sábà hu ewé mọ́, nítorí náà ẹ fi orí tí ẹ gé rọ́pò ìyá rẹ̀. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 8, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ tì í bọ inú iyanrìn tí ẹ pò mọ́ ilẹ̀dú, ìlàjì sí ìlàjì. Lábẹ́ ibòji, tí ilẹ̀ bá ń tutù díẹ̀, ó máa ń ta gbòǹgbò láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Ẹ gbin mẹ́ta sójú kan. Ẹyọ kan ṣoṣo kì í wuni í wò.

Ní ti etí ewé, oòrùn ọ̀sán gangan ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà ajílẹ̀ àpọ̀jù. Ẹ má tìtorí ìyẹn da omi bò ó o! Ìgbà tí sẹ̀ǹtímítà 2 òkè ilẹ̀ bá gbẹ ni kí ẹ tó bomi rin ín. Bí ìdí igi bá dúdú, tó sì rọ̀ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, gbòǹgbò ti ń jẹrà nìyẹn. Ẹ gé orí tó ṣì le, ẹ da ìyókù nù.