Nísìn nínú wàrà: gíráàmù mélòó, ìgbà wo ni ká fi sí i, àti ohun tí kò lè ṣe

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wàrà ni mo ń ṣe ní Ìlọrin, mo sì ń kó o fún àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ méjì, ó pẹ́ tán ọjọ́ mẹ́ta, á ti máa kan, omi rẹ̀ á sì máa fà. Ẹnì kan ta nísìn, páúdà tó ń dí àwọn kòkòrò tó ń ba wàrà jẹ́ lọ́wọ́, gíráàmù 100 fún mi, ó ní kí n máa da ṣíbí tíì kan sínú ìkòkò kí n tó gbé mílíìkì kaná. Wọ́n kọ 1000 IU/mg, ìyẹn ìwọ̀n agbára tó wà nínú mílígíráàmù kan, sára ike rẹ̀. Mo sì rí i kà pé mílígíráàmù 12.5 ni òfin gbà fún kìlò kan. Èwo ni kí n tẹ̀ lé? Ṣé kò ní ṣe ọmọdé tó bá jẹ ẹ́ ní jàǹbá? Ṣé mo sì lè fi bọ́ lọ́wọ́ fíríìjì?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì dà á sí nǹkan kan. Ẹni tó ní kí ẹ da ṣíbí kan sínú ìkòkò ṣì yín lọ́nà lórí ìwọ̀n rẹ̀, ó sì tún ṣì yín lọ́nà lórí àkókò tó yẹ kí ẹ fi sí i.

Ìwọ̀n ni ká kọ́kọ́ mú. Nísìn gidi, mílígíráàmù kan rẹ̀ jẹ́ 40,000 IU. Páúdà tó wà lọ́wọ́ yín, 1,000 IU péré ló wà nínú mílígíráàmù kan. Ìdá kan nínú 40 ni nísìn tó wà nínú ike yẹn, ìyẹn ìdá 2.5 nínú 100. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ìyókù, pẹ̀lú àwọn èròjà mílíìkì tó ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń tà á káàkiri àgbáyé nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n rẹ́ yín jẹ.

Mílígíráàmù 12.5 tí ẹ kà, nísìn gidi ni Codex, ìgbìmọ̀ àjọ oúnjẹ àgbáyé (FAO) àti àjọ ìlera àgbáyé (WHO) lórí ìlànà oúnjẹ, ń sọ, kì í ṣe páúdà. Ẹ fi 40 sọ ọ́ di púpọ̀: ó di mílígíráàmù 500. Ìdajì gíráàmù páúdà yín ni òkè téńté fún kìlò wàrà kan. Ẹni tó bá wọn mílígíráàmù 12.5 páúdà, iyọ̀ lásán ló fi sí i, kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Bí ike tí ẹ máa rà lọ́jọ́ mìíràn bá gbé nọ́ńbà mìíràn, ẹ fi nọ́ńbà IU/mg tó wà lára rẹ̀ pín 500,000. Èsì rẹ̀ ni mílígíráàmù páúdà tí kìlò kan kò gbọ́dọ̀ kọjá. Èyí tó bá jẹ́ 900 IU/mg, nǹkan bíi 555 ni. Àwọn kan wà tó mọ́ gan-an, tí agbára wọn fi púpọ̀ ju ti yín lọ. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n ti yín lo ìyẹn á ṣe àṣejù láìmọ̀.

Ṣíbí tíì ńkọ́? Ó lè gba gíráàmù mẹ́ta, ó sì lè gba márùn-ún, ó wà lọ́wọ́ bí ẹni náà ṣe bù ú àti bí páúdà náà ṣe kì tó. Bí lítà mílíìkì mẹ́wàá bá fún yín ní kìlò wàrà méjì, gíráàmù kan ni òfin gbà yín láyè mọ. Ẹ wá rí i bí ṣíbí kan ṣe jìnnà sí i. Síkéèlì kékeré tó ń ka 0.01 gíráàmù, irú èyí tí àwọn tó ń ta góòlù ń lò, ni kí ẹ rà kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn. Síkéèlì ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Kò sídìí tí ẹ fi máa bẹ̀rẹ̀ láti òkè téńté yẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 0.2 gíráàmù páúdà fún kìlò wàrà kan. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kò tó, ẹ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, kó má kọjá 0.5.

Ní ti ìgbà tí ẹ máa fi sí i, inú mílíìkì tútù ni ibi tó burú jù. Nínú lítà mẹ́wàá tó fún yín ní kìlò méjì, nǹkan bíi lítà mẹ́jọ ló ń bá omi lọ, púpọ̀ nínú nísìn yín á sì bá a lọ. Ewé bọmubọmu tí ẹ fi ń mú mílíìkì dì tún ní èròjà tó ń gé purotéénì. Òun ló ń ṣiṣẹ́ yẹn gan-an. Purotéénì kékeré ni nísìn náà, ó sì ṣeé ṣe kí ewé yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kí ìkòkò tó hó. Lẹ́yìn náà ni iná. Nísìn fẹ́ràn ohun tó kan. Nínú omi tí pH rẹ̀ (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn kíkan: bó bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó) jẹ́ 2, ó lè fara da ooru 121°C, ṣùgbọ́n mílíìkì wà ní nǹkan bíi 6.6. Àwọn tó ń ṣe wàràkàṣì inú páálí ní ilé iṣẹ́ ńlá, tí pH tiwọn kò tó 6, ń pàdánù ìdá 15 sí 20 nínú 100 bí wọ́n bá sè é fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Ti yín tó ń hó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dájú pé ó máa pàdánù ju ìyẹn lọ.

Nítorí náà, lẹ́yìn tí wàrà bá ti dì, tó ti hó dáadáa, tí ẹ ti sẹ́ omi rẹ̀ kúrò, ìgbà náà ni. Ẹ wọn wàrà náà lórí síkéèlì ńlá kí ẹ mọ kìlò rẹ̀. Ẹ ti ní láti se omi kí ó sì tutù. Ẹ bu mílílítà 100 nínú rẹ̀, ẹ fi citric acid tó jẹ́ ti oúnjẹ sí i, 0.25 gíráàmù, kó kan díẹ̀. Ẹ wá da páúdà nísìn gíráàmù kan sí i, kí ẹ rò ó títí tí kò ní sí kókó mọ́. Bó bá ṣú díẹ̀, kò burú, èròjà mílíìkì inú rẹ̀ ni. Mílígíráàmù mẹ́wàá páúdà ló wà nínú mílílítà kan omi yìí báyìí. Mílílítà 20 ló máa fún kìlò wàrà kan ní 0.2 gíráàmù, mílílítà 50 ni òpin. Sírínjì ńlá tí kò lábẹ́rẹ́ ló dára jù láti fi wọ̀n ọ́n. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lálẹ́, ẹ dà á nù. Ẹ má fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ rọ́pò citric acid: ẹ tún lè ti ibẹ̀ kó yíìsì wọlé.

Ọ̀nà méjì ni ẹ lè gbà fi omi náà sí wàrà. Bí wàrà yín bá jẹ́ òkìtì ńlá, ẹ wọ́n ọn sórí rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, tí kò tíì dì mọ́ra, ẹ fi ṣíbí tí ẹ ti bọ̀ rò ó kó kárí, lẹ́yìn náà kí ẹ kó o sínú ohun tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ wẹ́wẹ́ ni ẹ gé e, tó sì wà nínú omi, ẹ pò ó mọ́ omi tí wàrà máa wà nínú rẹ̀: fún kìlò kan, ìdajì lítà omi tí ẹ ti sè tó sì tutù, pẹ̀lú iyọ̀ gíráàmù mẹ́wàá. Kìlò wàrà nìkan ni kí ẹ fi ṣírò, ẹ má ka omi mọ́ ọn. Nísìn máa ń lẹ̀ mọ́ purotéénì àti ọ̀rá, ó lè fi omi sílẹ̀ wọ inú wàrà. Bí gbogbo rẹ̀ bá tiẹ̀ wọlé, òfin ò ní ṣẹ̀. Èmi fara mọ́ ọ̀nà àkọ́kọ́, nítorí nísìn kì í tètè rìn dé àárín wàrà tó nípọn. Ẹ má ṣe méjèèjì pọ̀, àyàfi bí ẹ bá pín ìwọ̀n kan náà sí méjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín wà gan-an nìyí. Bakitéríà tó ń ṣe nísìn, Lactococcus lactis, inú mílíìkì kíkan ló ń gbé, ó sì ń fi í lé àwọn tó jọ ọ́ sá. Àwọn tó jọ ọ́ yẹn ni nísìn mọ̀ ọ́n bá jà: àwọn tó ń mú mílíìkì kan, Listeria, Staphylococcus, àti irú Bacillus tí irúgbìn rẹ̀ kì í kú nínú omi gbígbóná. Kì í pa irúgbìn yẹn pàápàá, dídí ni ó ń dí i lọ́wọ́ kó má hù. Ṣùgbọ́n kò ràn mọ́ yíìsì, kò ràn mọ́ àwọn tó ń mú búrẹ́dì bu, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ṣe nǹkan kan fún E. coli, Salmonella àti Pseudomonas, nítorí awọ kejì tó bo àwọn wọ̀nyí kì í jẹ́ kó wọlé.

Ẹ ní wàrà yín ń kan, omi rẹ̀ sì ń fà. Kíkan yẹn, nísìn lè fà á sẹ́yìn. Fífà yẹn, Pseudomonas àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, ọwọ́ àti omi tútù ni wọ́n sì ń bá wọlé, lẹ́yìn tí ìkòkò ti kúrò lórí iná. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi koríko hun kò ṣeé fọ̀ mọ́ délẹ̀. Ẹ lọ ra ike tàbí irin tó ní ihò, kí ẹ máa bọ̀ ọ́ nínú omi tó ń hó kí ẹ tó lò ó. Omi kànga tí ẹ kò sè kò gbọ́dọ̀ kan wàrà mọ́. Bí ẹ bá ṣe èyí nìkan láìfi nísìn sí i, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ọjọ́ rẹ̀ ti gùn.

Láìsí fíríìjì? Rárá o. Kíkan ló ń kìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra wàrà: ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e padà. Bí nísìn bá dá àwọn tó ń mú un kan dúró, tí wàrà wà lórí àtẹ nínú oòrùn, Salmonella ń pọ̀ sí i níbẹ̀, wàrà náà kò sì rùn. Ìyẹn léwu ju wàrà tó kan lọ. Staphylococcus náà, bó bá ti su májèlé rẹ̀ sílẹ̀ kí nísìn tó dé, májèlé náà wà níbẹ̀. Nísìn kò mú un kúrò, dídín lórí iná pàápàá kò mú un kúrò. Èyí tí ẹ bá wá dì pa sínú nylon, tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, tẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ lórí káńtà, àyè Clostridium botulinum, bakitéríà tí májèlé rẹ̀ lè pa èèyàn, ni ẹ ń tẹ́ sílẹ̀ yẹn. 4°C tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti ọ̀dọ̀ yín títí dé ṣọ́ọ̀bù, kúlà pẹ̀lú yìnyín lójú ọ̀nà.

Ní ti ọmọdé, ẹ fọkàn balẹ̀ bí ìwọ̀n bá pé. Inú ikùn ni nísìn ti ń dà bí purotéénì yòókù. Ìgbìmọ̀ FAO àti WHO tó ń yẹ àwọn èròjà tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ wò gbà ní 2013 pé mílígíráàmù méjì nísìn gidi fún kìlò ara ẹni kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ kò léwu; àwọn ará Yúróòpù le jù, mílígíráàmù kan ni wọ́n fi sí ní 2017. Ẹ jẹ́ ká lo ti Yúróòpù. Ọmọ tó wọn kìlò mẹ́wàá, mílígíráàmù mẹ́wàá ni tirẹ̀ lójúmọ́. Kó tó jẹ iye yẹn, ó ní láti jẹ gíráàmù 800 wàrà tí ẹ fi òkè téńté sí. Ní 0.2 gíráàmù tí mo ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kìlò méjì ló máa jẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ mílíìkì ni kó ṣọ́ra, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní jẹ wàrà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọn páúdà gan-an ni kí ẹ bo imú àti ẹnu, kí ẹ pa fáànù, torí lúbúlúbú rẹ̀ máa ń ta ọ̀fun.

Ẹ má pò nísìn mọ́ sodium metabisulphite, èròjà mìíràn tí wọ́n fi ń pa oúnjẹ mọ́. Ó ń ba nísìn jẹ́. Bí ẹ bá sì ń ṣe yúgọ́ọ̀tì níbẹ̀, ẹ ya ìkòkò àti ṣíbí rẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí nísìn máa ń pa irúgbìn yúgọ́ọ̀tì. Èyí náà ni ẹ lè fi mọ̀ bóyá páúdà tí ẹ rà ṣì lágbára. Ẹ se mílíìkì, ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ sí 43°C, ẹ pín in sí ife méjì, mílílítà 200 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ rò 0.1 gíráàmù páúdà sínú ọ̀kan, ẹ fi ṣíbí yúgọ́ọ̀tì kan sí méjèèjì, ẹ bò wọ́n síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí mẹ́fà. Bí èyí tí kò ní nísìn bá dì, tí ìkejì ṣì jẹ́ omi, páúdà yín dára. Bí méjèèjì bá dì bákan náà, ẹ má lò ó, kí ẹ sì béèrè ìwé àyẹ̀wò tó bá nọ́ńbà ike náà mu lọ́wọ́ ẹni tó tà á.

Ọjọ́ mélòó ni kí ẹ kọ sára wàrà? Mi ò lè sọ ọ́ láti ibí, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́. Ẹ ṣe ìdì méjìlá lọ́jọ́ kan, mẹ́fà pẹ̀lú nísìn, mẹ́fà láìsí i, nínú fíríìjì kan náà. Lójoojúmọ́ kí ẹ tú ọ̀kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má tọ́ ọ wò. Nígbà tí ẹ bá ti rí ọjọ́ tó jọ pé ó dára mọ, ẹ gbé ti ọjọ́ yẹn lọ sí ilé àyẹ̀wò kí wọ́n ka kòkòrò inú rẹ̀, kí ẹ tó tẹ ọjọ́ sára ìdì, ọjọ́ tí ẹ máa tẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kéré sí i dáadáa. Lára ìdì náà, ẹ kọ nísìn (E234) mọ́ àwọn èròjà yòókù. NAFDAC á bi yín léèrè rẹ̀ bí ẹ bá lọ gba nọ́ńbà. Ike páúdà, ẹ dé e pa, ẹ fi í sínú fíríìjì, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sí ìdérí rẹ̀, ẹ má sì fi ṣíbí tútù bù ú.