Èsì: Kí la lè kọ nípa àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀tì wa tó ti kú?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìrántí o. Ẹ ní nínú ìwé ìrántí àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀tì yín tó ti kú, yàtọ̀ sí ọdún tí wọ́n gboyè àti ọjọ́ tí wọ́n kú, ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ tún lè kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mọ síbẹ̀. Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe irú ìwé yìí lọ́dọọdún láti nǹkan bí 1860 títí dé ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ibi tí wọ́n bí èèyàn sí, òbí ẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe, ọmọ tó fi sáyé, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ti Princeton, yunifásítì míì níbẹ̀, ọmọ sẹ́ẹ̀tì ẹni ló sábà máa ń kọ ọ́, èyí ni mo fẹ́ràn jù torí ẹni tẹ́ ẹ jọ gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ ohun tí CV ò lè sọ láéláé.

Tó bá kan iṣẹ́, ẹ má kàn to ipò jọ. Ká ní ó ṣe tíṣà fún 30 ọdún, kí ló kọ́ wọn, kí làwọn tó kọ́ ń rántí? Ẹni tí ò sì dé ipò ńlá kankan, tàbí tó fiṣẹ́ sílẹ̀ kó lè tọ́jú òbí ẹ̀, ẹ kọ tiẹ̀ kó gùn bíi tàwọn ọ̀gá, ó máa ń dùn mí gan-an tí wọ́n bá fi ìlà kan ṣoṣo rántí irú wọn.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bá ẹbí sọ̀rọ̀ o, pàápàá lórí ohun tó pa á, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé ẹni yẹn gan-an ló kú, torí orúkọ máa ń jọra.