Èsì: Mo ń gbàdúrà, síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀

Ẹ kú ìfaradà, arábìnrin. Ẹ ní ẹ máa ń gbàdúrà di aago méjì òru nítorí owó ilé, síbẹ̀ oorun kì í kùn yín.

Ẹ dárúkọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù fún Ọlọ́run ní pàtó, kí ẹ fi ọpẹ́ kún un. Ohun tó wà nínú Fílípì 4:6-7 nìyẹn, inú ẹ̀wọ̀n sì ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tó kọ ọ́. Èmi máa ń kọ tèmi sínú ìwé: "Owó ilé, ó ku oṣù kan." Màá kọ ohun kan tí mo fẹ́ dúpẹ́ fún sí abẹ́ rẹ̀, màá pa ìwé dé, màá pa iná.

Àmọ́ tí ìjà bá wà láàárín ẹ̀yin àti ẹnìkan, ẹ kọ́kọ́ lọ parí rẹ̀ bí Mátíù 5:23-24 ṣe wí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ tí "ẹ má bínú" kan ṣoṣo sí ẹ̀gbọ́n mi yanjú láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Bí àìsùn náà bá ti pẹ́, ẹ lọ rí dókítà. Lúùkù gan-an, oníṣègùn ni. Lọ́la, ẹ lọ bá onílé sọ̀rọ̀ kó tó wá kanlẹ̀kùn.