Iná pupa fún orúnkún ìyá yín, àti fún ojú yín

Ẹ béèrè bóyá kí ẹ ra ẹ̀rọ iná pupa fún ìyá yín tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, ẹ sì fi kún un pé ẹ̀yin náà fẹ́ máa tàn án sí ojú yín nítorí àbàwọ́n dúdú tó jáde sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìdáhùn méjèèjì kò jọra. Ní ti orúnkún, ẹ lè dán an wò, bí owó rẹ̀ kò bá ní í pa owó oògùn ìyá lára. Ní ti ojú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ dúró ná títí dókítà awọ ara yóò fi yẹ̀ yín wò.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń tẹ máṣíìnì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó bọ́ sórí èyí tó ń lo iná. Nígbà tí orúnkún mi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í le gbagidi láàárọ̀, wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀, dókítà sì sọ pé ohun tó bo orí egungun níbi oríkèé ti ń jẹ tán lọ. Ó kọ oògùn ìrora fún mi, ó sì rán mi lọ sọ́dọ̀ àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọmọ mi obìnrin tó wà ní Houston fi pátákó iná pupa ránṣẹ́ sí mi. (Ẹ yí ẹ̀yìn irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ padà wò kí ẹ tó kì í bọ iná: bí ó bá jẹ́ fóltì 120 nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, iná tiwa yóò jó o, àfi bí ẹ bá fi step-down, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dín fóltì kù, sí àárín.)

Ọ̀rọ̀ iná yìí kì í ṣe àròsọ lásán. Ní ọdún 1967, dókítà kan ní Budapest, Endre Mester, tan iná laser tí kò lágbára púpọ̀ sí ara àwọn eku tó ti fá irun wọn, irun wọn sì yára hù ju ti àwọn tí kò tan iná sí lọ. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń ṣe ni pé mitochondria, ìyẹn ibi tí sẹ́ẹ̀lì ara ti ń sọ oúnjẹ di agbára, máa ń gba ìmọ́lẹ̀ yìí mú, iṣẹ́ rẹ̀ á sì yá sí i. Egbò ẹnu àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ wà lára ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ ti lágbára jù, àwọn oníṣègùn fúnra wọn sì ń fi dènà rẹ̀. Ní ti orúnkún, àwọn ìwádìí kan rí i pé ó dín ìrora kù, àwọn mìíràn kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹni tó bá sọ fún ìyá yín pé yóò dá ohun tó ti jẹ tán lórí egungun padà, irọ́ ló ń pa.

Ẹ kíyè sí irú èyí tí ẹ ó rà. Gílóòbù pupa tí àwọn olósìn adìẹ ń gbé kọ́ sókè òròmọdìyẹ, ooru ló wà fún. Ó lè mú kí ara tù yín fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun là ń wí, ó sì lè jóni. Ojúlówó máa ń kọ gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, tó ń fi irú ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́ hàn, sára: nánómítà 630 sí 670 fún pupa, àti 810 sí 850 fún èyí tó ń wọnú ara jù ú lọ. Ojú wa kì í fi bẹ́ẹ̀ rí èkejì yìí. Nígbà tí a kọ́kọ́ tan tèmi, ìlà kan tàn, ìlà kejì ṣókùnkùn, ọmọ iṣẹ́ mi sì figbe ta pé ìdajì rẹ̀ ti kú. A gbé kámẹ́rà iwájú fóònù sí i, gbogbo ìlà tó ṣókùnkùn sì yọ ní àwọ̀ elésè àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́.

Ìlò rẹ̀ gba ìwọ̀n. Bí iná bá ń fún sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan lára awọ ní mílíwáàtì 50, ìṣẹ́jú 1 jẹ́ júùlù 3 (òṣùwọ̀n agbára tí awọ gbà), ìṣẹ́jú 10 sì jẹ́ 30. Bí ẹ bá sún un jìnnà, ìwọ̀n náà ń já wálẹ̀. Bí ẹ bá sì pẹ́ nídìí rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àǹfààní rẹ̀ tún lè dínkù, nítorí náà àpọ̀jù kò mú un tètè sàn. Èmi máa ń gbé e sórí àpótí, màá ká ìró kúrò lórí orúnkún nítorí pé aṣọ ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà, iye ìṣẹ́jú tí ìwé rẹ̀ sọ ni mo sì ń lò.

Kò sí ohun tí mo rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, líle àárọ̀ yẹn dínkù, mo sì ń dìde nídìí máṣíìnì láìkọ́kọ́ di tábìlì mú, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ṣì ń dùn mí bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀. Lásìkò kan tí tiransifọ́mà àdúgbò wa bàjẹ́, tí a sì pẹ́ nínú òkùnkùn, eré ìdárayá tí físíò kọ́ mi nìkan ni mo ń ṣe, ìyẹn ni kí n jókòó sórí àga, kí n so àpò iyanrìn kékeré mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, kí n sì máa na ẹsẹ̀ síwájú. Orúnkún náà kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Líle àárọ̀ nìkan ló tún pọ̀ díẹ̀. Lójú tèmi, eré ìdárayá ló ń gbé orúnkún mi dúró, iná kàn ń mú kí ó rọ̀ mí lọ́rùn láti ṣe é. Bí owó yín bá mọ ní ọ̀kan, ọ̀dọ̀ físíò ni kí ẹ ná an sí.

Ní ti ojú yín, oríṣi àbàwọ́n kan wà tí ooru àti ìmọ́lẹ̀ máa ń mú dúdú sí i lára àwa aláwọ̀ dúdú, pàápàá bí èèyàn bá ti lo ìpara abóra rí. Ẹ má sì tẹjú mọ́ iná náà rárá. Ẹ lo awò tó bá a wá. Ẹni tó bá ń lo oògùn tó ń mú kí ara kórìíra ìmọ́lẹ̀, bíi doxycycline tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà.

Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ìyá ní ìtọ̀ ṣúgà, nítorí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri kì í mọ̀ bí ohun kan bá ń jó o. Bí orúnkún náà bá wú, tó gbóná, tí ibà sì tẹ̀lé e, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ tí ẹ rí síbí kí ẹ tó sanwó, màá bá yín wò ó.