Èsì: Ẹ má fi omi bátìrì ṣí òkúta yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ẹ lè rẹ òkúta funfun tí ẹ ṣà lọ́nà Ìdànrè sínú omi bátìrì (ásíìdì inú bátìrì ọkọ̀), kí èyí tó pupa lára rẹ̀ lè ṣí, kí ẹ rí inú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Á bó yín lára, kò sì ní í ran òkúta náà.

Gíránáìtì, irú òkúta líle kan, pọ̀ ní Àkúrẹ́ àti Ìdànrè. Quartz (ohun líle tó jọ gíláàsì) àti feldspar (ohun líle mìíràn) ló wà nínú rẹ̀, omi bátìrì kì í sì yọ́ quartz. Ásíìdì mìíràn, hydrofluoric acid, ló ń yọ́ ọ, ìyẹn sì ń wọra dé eegun, ó ń pa èèyàn. Kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹnikẹ́ni.

Ó jọ pé ìpẹtà irin ni pupa yẹn. Ásíìdì kan tó ń jẹ́ oxalic acid ló ń ṣí i. Ẹ pò ó mọ́ omi nínú ike, ẹ rẹ òkúta náà fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ wá fi omi ṣàn án léraléra. Májèlé ni òun náà o: ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ojú, ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ọmọdé má sì sún mọ́ ọn.

Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, irú ti Òkèlúṣe ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni ásíìdì mọ̀ ọ́n ṣí. Fínígà lásán tó o: calcite, ohun tó pọ̀ jù nínú òkúta yìí, á yọ́ díẹ̀díẹ̀, quartz tó bá wà nínú rẹ̀ á ṣẹ́kù. Ó ń pẹ́, àmọ́ òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ fi àwòrán òkúta náà síbí, kí ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ín.